Afẹ́fẹ́ Tí Kò Ní Òórùn

Ohùn àkọ́kọ́ tí Gàníyátù rántí láyé ni ohùn àyà ìyá rẹ̀: fíì, fíì, bí ẹni pé wọ́n fi fèrè kékeré pamọ́ sábẹ́ egungun ìhà obìnrin náà. Ní Ìsẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ló máa ń sùn, á máa gbọ́ fèrè náà títí oorun yóò fi gbé e lọ. Kò mọ̀ pé àìsàn ni. Ó rò pé bí gbogbo ìyá ṣe ń mí nìyẹn.

Ó ti pé ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta báyìí, ó ń ránṣọ ní Jikwoyi, l'Ábùjá, fèrè náà sì ti wọ àyà tirẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ikọ́ fée á gbé e dè. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sáré gbé e dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Sàláwù, tó wà nílé, sọ ọ́ fún un lórí fóònù láìfepo bọyọ̀ pé, "Bó bá tún gbé ọ dè lọ́dún yìí, wàá kó ẹrù rẹ wálé. N ò ní jókòó síbí kí wọ́n wá pè mí pé..."

Gàníyátù ò kórìíra ilé. Ṣùgbọ́n yàrá tó ń sùn ní Jikwoyi náà ló ti ń ránṣọ, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ iléèwé àdúgbò ti ń gba yunifọ́ọ̀mù láti ogún ọdún. Ní Ìsẹ́yìn, aláìsàn lásán ni yóò jẹ́, ẹni tí wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá lórí ẹní.

Latifah, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló dábàá pé kó ra ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ inú ilé. Àwọn méjèèjì jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Garki. Nehemiah, ọmọ Kàbà tó ń tajà níbẹ̀, to ẹ̀rọ mẹ́ta síwájú wọn. Gàníyátù ò béèrè nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbóòórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Màmá, ẹja yíyan kọ́ lẹ wá rà o," ni Nehemiah wí.

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Afẹ́fẹ́ tó bá mọ́, imú á mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ń tú ìkùukùu olóòórùn dídùn jáde. Ojú Gàníyátù tàn. "Eléyìí ni!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn ò sẹ́ nǹkan kan," ni Latifah wí. "Omi àti lọ́fínńdà ló ń tú sáfẹ́fẹ́. Ṣé ẹ fẹ́ fi lọ́fínńdà pa ara yín ni?"

Òórùn ìkejì dà bí ti ibi tí àrá ṣẹ̀ṣẹ̀ sán sí. Latifah tún mi orí: ohun tó ń rùn bẹ́ẹ̀ máa ń ha ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ní ikọ́ fée. Ìkẹta funfun bí ike gàrí, kò rùn rárá. Nehemiah ṣí inú rẹ̀, ó fi àwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ kan hàn wọ́n, àti bébà tó nípọn tí wọ́n ṣẹ́ léra wọn lẹ́yìn rẹ̀. Gàníyátù fọwọ́ kàn án.

"Ta ló ṣẹ́ pílíìtì yìí? Ọwọ́ ẹ̀ mà dọ́gba o!"

Latifah béèrè bóyá agbára rẹ̀ ká yàrá ẹ̀gbọ́n òun, àti bóyá wọ́n á rí bébà náà rà tí ti inú rẹ̀ bá gbó. Nehemiah ní bẹ́ẹ̀ ni sí méjèèjì. Ìyẹn ni wọ́n gbé.

Inú Gàníyátù ò dùn tó nínú ọkọ̀. "Nǹkan tí kò rùn, báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Iná rẹ̀ á sọ fún yín. Tó bá ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ mọ́. Tó bá pọ́n, ó dọ̀tí. Kí ẹ sáà ti fèrèsé."

Fún ọjọ́ mẹ́rin, àwọ̀ ewé ni iná náà. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, Gàníyátù gbálẹ̀, ó wẹ̀, ó ti fèrèsé, ó fọ́n tùràrí sórí èédú nínú àwo amọ̀, bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe ní gbogbo Jímọ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù. Iná rẹ̀ pọ́n. Fèrè dún láyà rẹ̀: fíì. Ó fa ìnhélà, oògùn àfàsímú rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì, ó sáré bọ́ síta, ó sì pe Nehemiah.

"Ẹ̀rọ ẹ ti ya wèrè!"

"Ẹ má bínú, mà. Kí lẹ ń sun nínú ilé?"

"N ò sun nǹkan kan. Tùràrí ni mo tàn."

"Kai! Màmá, ṣé tùràrí ò ní èéfín ni?"

"Èéfín kẹ̀? Òórùn dídùn ni!"

Àmọ́ bó ṣe sọ ọ́ tán, ó yọjú wo iná pupa náà, ó pa fóònù. Ó padà wọlé, ó bo imú, ó gbé àwo náà síta, ó sì jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí yóò fi tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, iná náà ti padà sí àwọ̀ ewé. Ìgbà yẹn ló rántí pé ọjọ́ Jímọ̀ ni fèrè ìyá rẹ̀ máa ń dún jù. Bó bá sì ti ń dún, àwọn ará ilé á tún bu tùràrí sí i, kí afẹ́fẹ́ lè dùn fún un. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń bù ú. Ó jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí títí èédú fi kú nínú àwo.

Ọyẹ́ mú gan-an ní oṣù kìíní. Sàláwù pè.

"Ṣé o ti ń di ẹrù?"

"Ẹrù wo? Síkẹ́ẹ̀tì yunifọ́ọ̀mù kan ló kù nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n ríṣẹ́ ṣe."

Sàláwù rẹ́rìn-ín, ó ní kó máa tọ́jú ara rẹ̀.

Gàníyátù yọ àwọ̀n ara ẹ̀rọ náà, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù lẹ́yìn ilé, ó fi omi ṣàn án, ó sá a. Nígbà tó gbẹ, ó dá a padà síbi tó wà, ó sì jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìnhélà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùmọ́gàjí. Ó ṣẹ́ etí síkẹ́ẹ̀tì náà, ó rán an yí po láìdúró, kò sì gbọ́ ohun mìíràn nínú yàrá náà ju ìró ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Ó gé òwú, ó ká síkẹ́ẹ̀tì náà, ó sì gbé e lé orí àwọn yòókù.