Ewúrẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

Mo rántí òórùn gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ wáyà mọ́ orí èèyàn ní Ìkirè, lọ́dún tí mo fẹ́ẹ́ jáde ní yunifásítì. Ẹ̀rọ kan ń ka bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, bírò ara rẹ̀ ń fa ìlà sórí bébà. Kámẹ́rà kékeré sì ń ṣọ́ ibi tí ojú ń lọ. Èèyàn á wo àwòrán tí àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Bó bá ti rí i, bírò á fò sókè. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi ti ní bí iṣẹ́ ìwádìí yìí bá bàjẹ́, màá tún ọdún kan lò sí i. Bẹ́ẹ̀, màmá mi ti sọ fún gbogbo Ìkirè títí dé Àpòmù pé mo ti di dókítà.

Èmi fúnra mi ni mo ya àwọn àwòrán náà, mo sì ń yangàn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ọmọkùnrin kan tó ń gbé omi fún àgbàlagbà, tí ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dúró ti wọ́n. Ewúrẹ́ yẹn ni àṣìṣe.

Àwọn ará ìlú kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní a fẹ́ gbé orí àwọn lọ fún òyìnbó. Màmá mi ló bọ́ síwájú, ó tú gèlè, ó ní, "Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi. Bí orí mi bá lọ, ṣebí ọmọ mi ló gbé e." Nígbà tí àwòrán ewúrẹ́ dé, bírò fò bí ẹni pé ó fẹ́ ya bébà. Màmá mi kàn bojú wò mí, ó dákẹ́.

Bàbá lẹ́mọ́mù ló tẹ̀ lé e. "Aúsùbiláì! Ọwọ́ òsì lọmọ yìí fi ń gbé omi fún àgbà!"

Kámẹ́rà náà jẹ́rìí sí i. Àwọn ará ìlú yòókù náà wá jókòó, ọwọ́ ọmọ náà ni ojú gbogbo wọn ń lọ. Ewúrẹ́ mi dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò kí i.

"Bàbá, ẹ ò rí ewúrẹ́ ni?"

"Mo rí i. Mọ́tò lè gbá ewúrẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀ gé. Ọmọ yìí ńkọ́, ṣé mọ́tò ló gbá ẹ̀kọ́ ilé tiẹ̀ náà ni?"

Mo rò pé iṣẹ́ mi ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá ní kí èmi náà jókòó. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi lórí. Ojú mi lọ sí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ tààrà, kò dé ọwọ́ ọmọ náà rárá. Wọ́n tú wáyà náà, mo yáa dìde, mo bu omi tútù fún ọ̀gá kí inú rẹ̀ lè rọ̀. Kò gbà á. Ó ń wo ọwọ́ mi.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ni màmá mi wí. "Bí mo ṣe bí i nìyẹn. Mo nà án títí, ọwọ́ yẹn ò gbọ́."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ ò bàjẹ́. Ohun tí ojú wọn rí ni kó o kọ, kì í ṣe ohun tí o fẹ́ kí wọ́n rí." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jáde ní yunifásítì lọ́dún yẹn.

Mo bi màmá mi léèrè ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀ nígbà tó rí ọwọ́ ọmọ inú àwòrán náà. Ó ní, "Ṣé èmi ni kí n wá tú àṣírí ọmọ mi fún ìlú?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi títí dòní. Màmá mi ti lọ sinmi báyìí. Ṣùgbọ́n a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni: bí àlejò bá ń wá ilé wa ní Ìkirè, mo máa ń ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, ẹnu ni mo fi ń júwe.