Ohùn Tó Ń Pe Ìyá Rẹ̀

Ìbínú ni Ládàánì fi ń jó irin pọ̀ lọ́sàn-án. Ìbínú ló fi ń gun àtẹ̀gùn mọ́sálásí ní ìdájí. Kí ló dé? Lèmọ́mù ló dé.

Àrùn wọ̀lú, ìjọba ní kí wọ́n ti gbogbo ilé ìjọsìn pa. Ìyẹn yé Ládàánì. Wẹ́dà ni, ó mọ iná tí kì í dunni lójú lọ́sàn-án, tó jẹ́ pé alẹ́ lèèyàn ń sunkún rẹ̀. Ṣùgbọ́n Lèmọ́mù ní kó máa pe ìrun bó ṣe ń pè é, kó kàn fi gbólóhùn Lárúbáwá kan há a láàárín: ẹ kírun nínú ilé yín.

Ó fi há a. Orin kan náà, ohùn kan náà.

Àwọn àgbàlagbà ń wá. Ta ló gbọ́ Lárúbáwá nínú wọn? Wọ́n á tẹ́ ẹní síwájú géètì tí wọ́n tì pa, wọ́n á máa wúkọ́ síra wọn lọ́rùn. Ìyá rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé. Ìyá tí àyà ń dùn, tí èémí rẹ̀ ń dún bí ẹwìrì tó ti ya.

"Ìyá mi, mo ní kẹ́ ẹ má wá mọ́."

"Ta ló wá pè mí láàárọ̀? Ẹnu ẹ kọ́?"

"Mo ní kẹ́ ẹ kírun nílé ni!"

"Ìgbà wo lo sọ ọ́? Mo ti ń gbọ́ ìpè ẹ látìgbà tó ò tíì nírùngbọ̀n. Má parọ́ mọ́ Ọlọ́run o."

Ó gba ilé Lèmọ́mù lọ. "Alfa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lédè tó yé wọn."

"Èdè ọjà kì í gba inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sálásí kọjá."

"Ikú ńkọ́? Èdè wo ló ń sọ?"

"Fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún wa, ìwọ máa jó irin ẹ."

Bàbá tó ń tún bàtà ṣe ló kọ́kọ́ kú. Ẹní rẹ̀ ṣì wà níbi géètì. Lèmọ́mù ní àkókò rẹ̀ ló tó. Àkókò! Ládàánì gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí ẹni gbé ẹyin iná mì.

Lọ́jọ́ kejì, ó tan ẹ̀rọ.

"Ẹ̀yin àgbàlagbà! Wọ́n ti géètì pa! Ẹ jókòó sílé! Ìyá mi, ẹ̀yin ni mò ń bá wí, ẹ bọ́ bàtà yẹn lẹ́sẹ̀!"

Ẹ̀rín jí gbogbo àdúgbò. Àwọn kan yí padà lójú ọ̀nà. Ìyá? Eré ló sá wá.

"O wá ń fẹ̀rọ bú ìyá ẹ? Sọ̀ kalẹ̀ ńbẹ̀!"

Kílẹ̀ tó ṣú, Lèmọ́mù ti ní kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ mọ́sálásí lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó sọ ìpè di ìpolówó ọjà.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó lọ jókòó dí ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀. Bó bá fẹ́ jáde, àfi kó gba orí òun kọjá. Ẹ̀rọ dún gììrì. Àna Lèmọ́mù ló ń pe ìrun, ohùn tín-ín-rín, Lárúbáwá rẹ̀ pé pérépéré.

Ìyá gbórí sókè lórí ìrọ̀rí.

"Ewúrẹ́ ta nìyẹn?"

"Ládàánì tuntun ni."

"Kì í ṣe èmi nìyẹn ń pè." Ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Bọ́ síwájú, jẹ́ á kírun."

Ó yẹ kínú Ládàánì dùn. Kò dùn. Láti ojú fèrèsé ló ti ń wo àwọn yòókù, àwọn tí ìpè ṣáà ni ìpè fún, tí wọ́n ń rọra lọ sídìí géètì, ẹní lábẹ́ apá.

Ìyá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹwìrì rẹ̀ ń fẹ́. Ládàánì gbọ́wọ́ sókè, ó ní Ọlọ́run ló tóbi jù. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń jà.