Ìyá Ètò Palẹ̀ Tábìlì Mọ́

Ẹni tó bá ti kó èèyàn lọ wo ìlú ńlá rí á mọ̀ pé ìlú kọ́ ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ilé gogoro kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ ó wò ó, ẹ ó ya fọ́tò, ó parí. Oúnjẹ ni ìjà. Ẹnì kan ò jẹ ata, ẹlòmíì ò lè jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹnì kan á sì ní ebi ò pa òun, á wá máa mú nínú àwo ẹnìkejì rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn aránṣọ àdúgbò wa, nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ wo ìlú ńlá fọ́jọ́ mẹ́ta, fi ètò oúnjẹ lé obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ètò lọ́wọ́.

Kò sí ẹni tó tún yẹ jù ú lọ. Aṣọ ilé ìwé ló ń rán, ó sì ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ohun tó bá bá ọmọ kan mu, bí a bá fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á bá gbogbo kíláàsì mu. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe gé oúnjẹ fún wọn. Kí wọ́n tó kúrò nílé, ó ti mọ ibi tí wọn yóò ti jẹun, ohun tí wọn yóò jẹ, àti ìgbà tí wọn yóò dìde. Ó tún ní àṣà kan: kò lè rí àjákù kó fi í sílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àjákù aṣọ kì í pẹ́ nílẹ̀ kó tó gbá a. Nídìí tábìlì, bí o bá ti fi ṣíbí sílẹ̀ báyìí, ó ti gbé àwo rẹ, ó ti rún tíṣù rẹ sínú ẹ̀, ó sì ń wò ọ́ bí ẹni ń wo oníbàárà tó ti gbaṣọ tán tí kò tíì fẹ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà nínú wọn. Rédíò ni wọ́n ń pè é, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ìdí. Ohun kan ṣoṣo ni Rédíò ò gbé sáfẹ́fẹ́ rí: gbogbo eyín òkè ẹnu rẹ̀, àtọwọ́dá ni. Àbúrò rẹ̀ yìí nìkan ló mọ̀, torí òun ló sìn ín lọ síbi tí wọ́n ti ṣe é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kìíní, wọ́n jẹ ẹran sísun nílé oúnjẹ kan létí odò. Ẹran náà há sábẹ́ eyín Rédíò, ó sì ń dùn ún. Ó fi ìborùn bojú, ó yọ eyín, ó fi tíṣù wé e, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, ó lọ fi omi yọ ẹnu.

Ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé wọn yí ìlú ká ti ń fọn fèrè. "Ẹ dìde, ẹ dìde!" ni Ìyá Ètò ń pariwo. "Ọkọ̀ ò ní dúró de ọ̀jẹun!" Ó kó àwo lérí àwo, ó rún tíṣù sí i láàárín, ó gbé gbogbo ẹ̀ lé agbáwo, ọmọbìnrin tó ń bu omi fún wọn, lọ́wọ́. Nǹkan kan le nínú tíṣù kan. Ó ní eegun ni. Agbáwo tó ń kó àwo wọlé lọ ni Rédíò rí nígbà tó fi padà dé, wọ́n sì ti ń fà á lọ sínú ọkọ̀.

Nínú ọkọ̀, bí wọ́n ṣe ń gba abẹ́ afárá ni wọ́n ń hó yè. Rédíò nìkan ló dákẹ́, tó fi ìborùn dí ẹnu.

"Ṣé bátìrì ló kú ni?" Ìyá Bọ́tìnì ló bi í, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ.

Rédíò mi orí. Ìyá Ètò wò ó. Ó rí bí ètè òkè ṣe wọnú lọ bí ẹnu àpò tí wọ́n fa okùn rẹ̀. Ó wá rántí eegun yẹn. Ẹran tí wọ́n sì jẹ, òun fúnra rẹ̀ ló yàn án torí pé kò léegun.

Ó yẹ kó sọ ọ́ níbẹ̀. Ó wo odò. Odò ò sọ nǹkan kan, òun náà ò sọ.

Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ alẹ́ dé, Rédíò ní ààwẹ̀ lòun ń gbà.

"Ààwẹ̀ wo ló ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán?" ni Ìyá Bọ́tìnì wí.

Nígbà tó ku àwọn méjèèjì nínú yàrá, Rédíò tilẹ̀kùn, ó ṣí ìborùn. "Agbáwo yẹn ló jí i."

"Jí kí ni, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ṣé kí n fi kọrin ni? Eyín mi! Ojú obìnrin yẹn ò tiẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn látìgbà tó ti ń bu omi fún wa."

"Kí ló fẹ́ fi eyín eléyín ṣe?"

"Èmi ni kó o bi?"

Ìyá Ètò, tó mọ ọ̀nà tí eyín gbà lọ, mi orí pẹ̀lú ìbànújẹ́. "Ayé ti bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí.

Mo ti rí ẹni tó jẹ̀bi tó sunkún, mo sì ti rí èyí tó sá lọ. Ọbẹ̀ ni Ìyá Ètò fi bẹ̀bẹ̀ ní tirẹ̀. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ètò ti yí padà. Ibi tí wọ́n ti ń retí adìyẹ díndín, ọ̀dùnkún gígún ló jókòó síbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń retí ẹja, ọbẹ̀ ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná ni.

"Ìyá Ètò," ni Ìyá Bọ́tìnì wí, "ṣé wọ́n sọ fún yín pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni?"

"Ó dáa fún inú."

"Inú ta ni?"

Rédíò nìkan ló ń jẹ é tọkàntọkàn. Lábẹ́ tábìlì, ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. "O ṣeun," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Mo mọ̀ pé torí tèmi ni. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kójú tì ọ́." Ọbẹ̀ tí ọmọ tí kò tíì heyín lè gbé mì há Ìyá Ètò lọ́fun.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹgbẹ́ ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní ẹran etí odò làwọn fẹ́ fi dágbére fún ìlú. Wọ́n nawọ́ sókè, ọwọ́ Ìyá Ètò nìkan ló wà nílẹ̀. Ti Rédíò gan-an lọ sókè. Ohun tó fẹ́ lọ mú níbẹ̀ kì í ṣe ẹran.

Bí wọ́n ṣe jókòó ni agbáwo ti sáré wá, tó ń rẹ́rìn-ín. Omi ọṣẹ ti bó o lọ́wọ́. "Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ̀yin mọ́mì tẹ́ ẹ bá mi kó àwo! Mo ròyìn yín délé. Látìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, àlejò kan ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí."

Rédíò ò tiẹ̀ gbọ́ ìyẹn. Ó ti ń juwọ́ sí ọ̀gá ilé oúnjẹ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá dé. Ṣùgbọ́n Rédíò ò lè la irú ẹnu yẹn níwájú ọkùnrin àjèjì, ló bá fi ìgúnpá gún àbúrò rẹ̀. "Sọ fún un," ló wí lábẹ́ ìborùn. "Sọ pé olè ló gbà síṣẹ́."

"Ẹ pè mí, mà," ni ọ̀gá wí. "Ṣé ó ṣẹ̀ yín ni?"

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu agbáwo, ṣùgbọ́n ó ti kúrò lójú rẹ̀.

Aránṣọ ló mọ̀ pé bí àlùmọ́gàjí bá ti kan aṣọ, kò sí pé mi ò mọ̀ mọ́. Ìyá Ètò mí kanlẹ̀. "Kò ṣẹ̀ wá, sà. Ká lè sọ fún yín pé òṣìṣẹ́ gidi ni, la ṣe pè yín."

Ọ̀gá dúpẹ́, ó lọ. Agbáwo náà lọ gbé oúnjẹ wá. Ìyá Ètò wá tẹ̀ sétí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Èmi ni. Mo rún un mọ́ tíṣù. Mo ti mọ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi."

Rédíò yíjú sí i. Ìborùn bọ́ sílẹ̀, kò sì rántí gbé e.

"Ìwọ! O jẹ́ kí n máa bú ọmọ ọlọ́mọ! O wá ń fún mi lọ́bẹ̀!"

Gbogbo ẹnu ló fi la á. Àwọn tó wà ní tábìlì ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún yíjú. Ìyá Bọ́tìnì wo ẹnu náà, ó rántí ọ̀dùnkún, ó rántí ọbẹ̀ ẹ̀wà, ó sì tẹ orí ba. "Ẹ jọ̀ọ́, Rédíò," ló rọra wí, "ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ bátìrì yẹn."

Ẹran dé. Rédíò ti àwo tirẹ̀ síwájú àbúrò rẹ̀. Ìyá Ètò yọ àlùmọ́gàjí kékeré tó fi ń gé òwú jáde nínú báàgì, ó ṣàn án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹran.

"Tún un gé."

Ó tún un gé.

"Ó ṣì tóbi. Ṣé bọ́tìnì lo fẹ́ kí n gbé mì ni?"

Ó gé e títí ó fi dà bí àjákù òwú. Tirẹ̀ ti tutù sínú àwo.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, àwo wà káàkiri, tíṣù wà káàkiri. Ọwọ́ Ìyá Ètò gbéra, ó dúró lójú ọ̀nà, ó sì padà sí itan rẹ̀.

Agbáwo bọ̀, ó tún ń rẹ́rìn-ín sí i. "Mọ́mì, ẹ ò ní ràn mí lọ́wọ́ lónìí?"

Ìyá Ètò ò lè wo ojú rẹ̀. Ó fa tíṣù tó sún mọ́ ọn jù lọ sọ́dọ̀, ó tú u, ó wo inú rẹ̀ dáadáa, kó tó gbé e sínú àwo. Ó wá nawọ́ mú òmíràn.