Ọkọ̀ Tí Ó Ń Ronú

Ohun tí gbogbo àdúgbò kọ́kọ́ máa ń rántí nípa olóògbé Má-fọwọ́-kàn-án ni ọjọ́ tí ó fi ọkọ̀ rẹ̀ lọ gbé bàbá àfẹ́sọ́nà ọmọbìnrin rẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Òtútù ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Omi tí ènìyàn bá dà síta ní òwúrọ̀ ti di gíláàsì kí ó tó ráyè ṣàn. Àlejò náà jẹ́ àgbàlagbà tí ó ga, tí kì í sáré rẹ́rìn-ín. Bí ó ti jókòó nínú ọkọ̀, ó na ọwọ́ sí ihò tí ó yẹ kí ooru máa gbà jáde, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tí ó fẹ́ lù ú tutù bí ẹni pé wọ́n ṣí fìríìjì sí i lójú.

“Àna mi,” ni ó wí, “ṣé ọkọ̀ yín kò ní ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná ni?”

“Ó ní in, àna mi,” ni Má-fọwọ́-kàn-án dáhùn. “Ó ń ronú ni.”

Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn bí òun ṣe fi bẹ́líìtì ṣòkòtò òun tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ní àárín aginjù. Nígbà tí ó béèrè pé, “Àbí irọ́ ni mo ń pa?”, òtútù ti wọ àlejò dé egungun, orí rẹ̀ sì ń gbọ̀n sókè sódò. Ó béèrè bóyá àna òun fara mọ́ ìgbéyàwó àwọn ọmọ. Orí gbọ̀n sókè sódò. Ó béèrè bóyá kí wọ́n ṣe é láìpẹ́. Orí tún gbọ̀n, ó tilẹ̀ yára sí i. Bí wọ́n ti délé, Má-fọwọ́-kàn-án bọ́ sílẹ̀, ó pariwo pé, “Ẹ bá mi yọ̀ o! Àna mi ti gba gbogbo ẹ̀!” Àlejò fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n eyín tí ó ń lu eyín kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ráyè kọjá. Kí ó tó mu ife tíì gbígbóná kan tán, wọ́n ti mú ọjọ́. Títí di òní, bí ìjà bá dé láàárín ọmọbìnrin náà àti ọkọ rẹ̀, ohun tí ọkọ máa ń sọ ni pé, “Òtútù ló fẹ́ ọ, kì í ṣe èmi.”

Orúkọ tí wọ́n ń pè é yìí, ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi sọ ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá na ìka sí ohunkóhun nínú ọkọ̀ náà yóò gbọ́ ọ: “Má fọwọ́ kàn án!” Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó kọ́ nígbà èwe rẹ̀, ní ìlú kan tí oòrùn ti ń yan orí ọmọ ènìyàn bí ẹ̀pà. Ó sì gbà gbọ́ pé ẹni tí ó ti fi ọwọ́ tún ọkọ̀ ṣe nínú oòrùn bẹ́ẹ̀ kò ní ohun tí ó fẹ́ kọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń fi ìbọ̀wọ́ tún un ṣe nínú òtútù. Ó so irin bàbà kékeré kan mọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà, irin tí ó rí bí fìlà ọmọ ọwọ́. Ó wúwo, ó sì ń dún woro bí ó bá ń rìn lọ. Bí wọ́n bá béèrè ohun tí ó jẹ́, èsì kan náà ni: “Ọ̀ṣọ́ ni.”

Ní ọdọọdún, bí òtútù bá ti wọlé, yóò wa ọkọ̀ náà lọ bá mẹkáníìkì tí ó wà ní ìparí òpópónà. Ìyàwó rẹ̀ yóò wà ní iwájú, ọmọbìnrin rẹ̀ yóò wà ní ẹ̀yìn, nítorí ẹlẹ́rìí ni ó fẹ́, kì í ṣe àtúnṣe.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.”

“Má fọwọ́ kàn án! Ìbéèrè ni kí o bi mí.”

Mẹkáníìkì mí kanlẹ̀. “Ó dáa, sà. Ṣé omi rédíétọ̀ kún?”

“Ó kún dẹ́nu.”

“Ṣé fáànù tó ń fẹ́ ooru wọ inú ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́?”

“Ó ń ṣiṣẹ́ ju ẹnu ìyàwó mi lọ.”

“Mo gbọ́ yín o,” ni ìyàwó rẹ̀ wí láti inú ọkọ̀.

“Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó máa ń gbóná?”

Inú Má-fọwọ́-kàn-án dùn dé eyín. “Kì í gbóná rárá! Láti ọjọ́ tí mo ti rà á, abẹ́rẹ́ tó ń wọn gbígbóná rẹ̀ kò gbéra nílẹ̀ rí. Ṣé o rí iṣẹ́ ọwọ́ àgbà?”

“Bàbá, omi tí ẹ́ńjìnnì bá sè náà ló ń gbé ooru wọlé. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá gbóná, níbo ni ooru fẹ́ gbà wá?”

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mi jóná ni?”

Ariwo sọ, èrò pé. Ní ọjọ́ náà, gbogbo ohun tí ó wà ní ìdí iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó gbóná, àfi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Má-fọwọ́-kàn-án.

Síbẹ̀, kì í ṣe ẹni tí kò ní àánú. Nígbà tí orúnkún ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le, tí ilé ìwòsàn sì ní kí ó máa wá ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kí wọ́n lè máa bá a na ẹsẹ̀, ọkọ náà jí ní òwúrọ̀, ó se ọ̀dùnkún ńláńlá, ó sì kì wọ́n gbígbóná sínú àpò ẹ̀wù ìyàwó rẹ̀, kí wọ́n lè máa mú itan rẹ̀ gbóná. Ó tún sọ ìtàn fún un láti ẹnu ọ̀nà ilé títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń jiyàn, ó ń gbàgbé òtútù. Bí wọ́n bá ń padà bọ̀, ọkọ yóò na ọwọ́ sí àpò ìyàwó, yóò yọ ọ̀dùnkún, yóò sì jẹ ẹ́. “Nínú ọkọ̀ tèmi,” ni ó máa ń wí, “iná kì í ṣòfò.”

Orí ibùsùn rẹ̀ ni ó kú sí, wọ́ọ́rọ́wọ́, lábẹ́ àwọn bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn ìsìnkú, gbogbo ẹrù náà bọ́ sí ọrùn ọmọbìnrin rẹ̀. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ti fọ àwọn aṣọ ibùsùn tán, tí apá rẹ̀ ti di okùn, yóò tún lọ sílé lọ gbé ìyá rẹ̀. Ó gbìyànjú ọ̀dùnkún náà, ṣùgbọ́n ó ti máa ń tutù kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà. Kò sì mọ ìtàn sọ. Bí iṣẹ́ bá ti rẹ ènìyàn tán, ìtàn wo ni ó kù? Ìgbà tí wọ́n bá fi dé, orúnkún ìyá ti le bí igi, ọwọ́ àwọn tí ń bá a na ẹsẹ̀ kò sì lè mú un rọ̀ mọ́.

Ọkọ rẹ̀ dá a lábàá pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà fún oníirin àlòkù. “Ó ń bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì,” ni ó wí. “A ó máa fi takisí gbé Màmá.”

“Ọkọ̀ ọkọ mi ni màá wọ̀,” ni ìyá náà wí. “Bí kò bá sí mọ́, mo jókòó sílé.”

“Màmá, bí ẹ bá jókòó sílé, ẹ ò ní lè dìde mọ́.”

“Èmi náà mọ̀.”

Ọmọbìnrin náà kò ní agbára àríyànjiyàn. Nígbà tí ó di Ọjọ́bọ̀, ó gbé ìyá rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sì wà á lọ sí ìparí òpópónà. Mẹkáníìkì jáde wá, ó rí ọkọ̀, ó sì dúró jìnnà sí i díẹ̀, bí ẹni tí ajá kan ti gé jẹ rí.

“Màmá, ẹ kú ará fẹ́ra kù o.” Ó na ìka sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ìka náà dúró lófuurufú. “Ṣé... ṣé kí n fọwọ́ kàn án?”

Ìyá náà wo àga ìwakọ̀ tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí. Ó gbé ojú sókè. “Fọwọ́ kàn án, ọmọ mi.”

Mẹkáníìkì ṣí i. Ó fi ọwọ́ kan àwọn rọ́bà tí ń gbé omi wọ inú ọkọ̀; wọ́n kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán ni. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní sùúrù kí ó tutù, ó sì tú ibì kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fi iná wò ó. Ó tún un wò.

“Kò sí nǹkan kan níbí!” ni ó kígbe. “Irin kan wà tó yẹ kó dí ọ̀nà omi títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná. Tamositáàtì la ń pè é. Òfìfo ni ibẹ̀! Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kí n...”

Ọmọbìnrin náà na kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó dún woro. Mẹkáníìkì kò gbà á. Ńṣe ni ó ń wo irin bàbà tí ó ń fì ní ìdí rẹ̀.

“Ta ló so tamositáàtì mọ́ kọ́kọ́rọ́?”

“Ọ̀ṣọ́ nìyẹn,” ni ìyá náà wí. “Ọjọ́ tó ra ọkọ̀ yìí gan-an ló yọ ọ́. Ó ní níbi tí òun ti kọ́ṣẹ́, irú irin yìí ni ohun àkọ́kọ́ tí àwọn máa ń yọ sọ nù, kí oòrùn má baà sọ ẹ́ńjìnnì di ìkòkò ọbẹ̀. Ó ní ó rẹwà jù láti sọ nù.”

Mẹkáníìkì gbé ọwọ́ lé orí. “Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a ń wá lọ...”

“Má parí ẹ̀, jọ̀ọ́,” ni ọmọbìnrin náà wí. “Ó ti rẹ̀ mí.”

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti mú un. Ó fara ti ọkọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mẹkáníìkì tú irin náà kúrò lára kọ́kọ́rọ́, ó jù ú sínú omi tí ó ń hó nínú kẹ́tùlù tíì rẹ̀, gbogbo wọn sì tẹ̀ síwájú láti wò ó. Díẹ̀díẹ̀, irin náà la ẹnu, bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mẹkáníìkì wá rọ́bà tuntun sí ìdí rẹ̀, ó dá a padà sí àyè rẹ̀, ó sì bu omi tuntun sínú rédíétọ̀.

Ọmọbìnrin náà wa ọkọ̀ yí àdúgbò ká. Ní àkọ́kọ́, atẹ́gùn tútù ọjọ́sí náà ni. Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ gbéra nílẹ̀, ooru sì rọra fẹ́ jáde, ó gba orí orúnkún ìyá náà kọjá bí ọwọ́ ènìyàn. Ìyá náà bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó bọ́ èkejì, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ sí ẹnu ihò náà.

“Ó ti ronú tán,” ni ó wí.

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n pe bàbá àwọn ọmọ, kí ó dá oníirin dúró.”

“Pè é. Kí ó tún sọ fún bàbá rẹ̀ kí ó wá wọ ọkọ̀ wa, ká mọ̀ bóyá orí rẹ̀ á ṣì gbọ̀n sókè sódò.”

Wọ́n rìn díẹ̀ sí i. Kọ́kọ́rọ́ kò dún woro mọ́. Inú ọkọ̀ dákẹ́, ó sì gbóná bí yàrá ìdáná. Ìyá náà ti ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù rẹ̀, kò rí ohunkóhun níbẹ̀, ó sì yọ ọ́. Ó wá yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan, òtútù tẹ́ẹ́rẹ́ sì yọ́ wọlé.

“Màmá! Orúnkún yín ńkọ́?”

“Orúnkún ti yá. Jẹ́ kí díẹ̀ wọlé, ọmọ mi, kó má baà dà bíi pé a já bàbá rẹ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.”