Ta Ló Mọ Wíńdò Yìí?

Bí ẹ bá fẹ́ kí wẹ́dà àdúgbò wa ṣàìsàn, ẹ má wulẹ̀ wá májèlé lọ. Ẹ kàn dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ẹ bi ẹlòmíì ní ìbéèrè. Ìyẹn á dùn ún ju kí irin gbígbóná bọ́ sí i lẹ́sẹ̀ lọ. Obìnrin méjì ò lè máa sọ̀rọ̀ ìkòkò tó jóná lọ níwájú ibẹ̀ kó máà fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó ṣí ìbòjú dúdú tó fi ń bo ojú sókè, kó sì sọ fún wọn pé eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Wọn ò bi í o. Ta ló bi í?

Ìyàwó rẹ̀ ló mọ ìwà yìí jù. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ fara kan ti ọkọ, ògiri pákó ló là wọ́n láàárín. Ó máa ń sọ pé ìgbà tí wọ́n ń pín ẹnu lọ́run, ńṣe lọkọ òun tò lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ á rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn pákó, á ní ẹnu yẹn náà lòun fi fẹ́ ẹ. Bí wọ́n ṣe ń bára wọn gbé nìyẹn, ó sì dùn mọ́ wọn.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáa. Géètì ni o, àtẹ̀gùn onírin ni o, irin ojú wíńdò ni o, tó bá ti jó o pọ̀, ó jó o pọ̀ nìyẹn. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Nítorí náà, òdòdó tó bá fi irin ká sójú wíńdò, apá òsì ni gbogbo ẹ̀ máa ń kọjú sí. Àwọn wẹ́dà ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní òdòdó tirẹ̀ ń wo ẹ̀yìnkùlé. Òun ní kí wọ́n máa wí, pé bí wọ́n bá kó irin òun sáàárín igba irin, òun á mọ̀ ọ́n bí abiyamọ ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ìbá sì dáa ká ní irọ́ ni.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà lókè òkun ló fi fóònù ńlá ránṣẹ́ sí i. Láàárín oṣù kan, ó ti bá ẹgbẹ́ kan pàdé lórí ayélujára tí wọ́n ń pè ní Abéèrè Kì Í Ṣìnà. Èèyàn jáǹrẹrẹ ló wà níbẹ̀, wọn ò mọra wọn rí. Kí leèyàn lè fi lé èèrà? Kòkòrò wo lẹ rò pé ó wà nínú fọ́tò yìí? Àlọ́ wo ló tún wà? Kí ló dé tí fìríìjì mi ń sunkún? Áà, ọ̀gá wa ríbi tẹ̀ sí. Orúkọ tó fún ara rẹ̀ níbẹ̀ ni Irin-Kì-í-Parọ́, ó sì fi fọ́tò ojú ara rẹ̀ sí i. Kí ẹlòmíì tó ka ìbéèrè tán, òun ti dáhùn. Wọ́n á ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá wa," orí rẹ̀ á wú, á gbé fóònù kọjá ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ fi han ìyàwó. Ìyàwó á ní òun ti rí i, kó jẹ́ kóun rán bọ́tìnnì.

Ẹnìkan wà nínú ẹgbẹ́ náà tó ń pe ara rẹ̀ ní Onísùúrù. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ tutù, ẹ̀gbọ́n níwájú, ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ béèrè nǹkan, ilẹ̀kùn ló béèrè: ilẹ̀kùn tó ń dún tí wọ́n bá ṣí i, kí leèyàn lè ṣe sí i tí kò fi ní dún mọ́? Wẹ́dà dáhùn, ó ní gíríìsì ni, ó júwe ibi tí wọ́n á fi sí. Onísùúrù dúpẹ́ títí. Wẹ́dà sọ fún ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ náà pé ayé ò tíì bàjẹ́ tán, pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ṣì wà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fọ́tò wá dé. Ọmọbìnrin kékeré kan jókòó sídìí tábìlì, ó mú ṣíbí dání, wọ́n ti gé ibi tí orí rẹ̀ wà kúrò nínú fọ́tò náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wíńdò wà, pẹ̀lú irin tó ṣù pọ̀, òdòdó lọ́tùn-ún lósì. Onísùúrù kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀yin àgbà, mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, irú ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe sílé mi. Ta ló mọ wíńdò yìí?"

Ẹgbẹ́ gbóná. Oníkálukú ń sọ tirẹ̀, àwọn kan ní irin ọ̀hún, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti kó o wá. Wẹ́dà ń ka gbogbo ẹ̀, ara ń ta á. Òdòdó tó kọjú sápá òsì! Ilẹ̀ òkèèrè wo? Ó tẹ fóònù bí ẹni ń gún ata, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni, kí wọ́n yé purọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní kó mú ẹ̀rí wá. Ohun tó sì bà á jẹ́ nìyẹn, nítorí ta ni wọ́n ń bi ní ẹ̀rí? Ó kọ ọ́ fún gbogbo ayé kà: òun lòun ṣe é, nílé tó wà lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé, géètì aláwọ̀ aró, òkè pátápátá. Gbogbo ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un, inú rẹ̀ dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Onísùúrù wá bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀rù olè ń ba ìyàwó òun, kí ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe ìsàlẹ̀ ilé náà. Wẹ́dà ṣàlàyé ju bí wọ́n ṣe bi í lọ. Ó ní ilẹ̀kùn irin ló wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, inú nìkan ni ìdè tí wọ́n fi ń tì í wà, páànù bò ó mọ́lẹ̀, ẹni tó wà níta ò lè tọwọ́ bọ̀ ọ́, kódà òun tóun ṣe é ò lè ṣí i láti ìta. Ẹ̀yìn ńkọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni? Ọ̀gá wa kanrí, ó ní kí wọ́n má bi òun léèrè onílé yẹn, pé òun sọ ọ́ títí, ó kọ̀, pákó lásán ló ṣì wà lẹ́yìn, bí ọmọdé bá fẹ̀yìn tì í dáadáa, á já. Onísùúrù ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ọlọ́run á bù sí ọgbọ́n yín."

Ẹyin lohùn, tó bá ti bọ́, ó ti fọ́. Àmọ́ kò tíì mọ̀ pé ohunkóhun bọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ó ṣí fóònù kó lè tún ka oríyìn rẹ̀. Kò rí fọ́tò náà mọ́. Kò rí Onísùúrù náà mọ́, bí ẹni pé ilẹ̀ gbé e mì. Inú bí i. Ó lọ bá ìyàwó rẹ̀, ó ń ráhùn pé wọ́n ti pa oríyìn òun rẹ́, ó sì fi fọ́tò náà hàn án, torí ó ti tọ́jú ẹ̀ kó lè máa fi han oníbàárà. Ó tún ka gbogbo ohun tí wọ́n jọ sọ fún un, kó lè rí bí ọmọ náà ṣe ní ọ̀wọ̀ tó.

Ìyàwó fi aṣọ sílẹ̀. Ó wo fọ́tò náà pẹ́. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ wíńdò, wíńdò ló ń yà ní fọ́tò, ọmọ ni wọ́n yà yìí. Kí ló dé tí wọ́n gé orí rẹ̀ kúrò? Ìyàwó wá gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi, ẹni tó ń wá wíńdò, kí ló fẹ́ fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣe?"

Wẹ́dà rántí obìnrin tó gba òkè ilé náà. Ọjọ́ tó lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, obìnrin náà ní kó jẹ́ kí irin súnmọ́ra, kó tún súnmọ́ra sí i. Ó ní inú ni kó gbé ìdè sí. Wẹ́dà fi ṣàwàdà, ó ní, "Àǹtí, ṣé ọmọ ogun lẹ̀ ń retí ni?" Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó wo títì. Nígbà yẹn, wẹ́dà rò pé ìgbéraga ni.

Ó pe onílé, kò gbé e. Ó tún pè é, kò gbé e. Kò pa ẹ̀rọ, kò bọ́ ìbọ̀wọ́, ó gun alùpùpù rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń pariwo tẹ̀ lé e pé kó sáré, kó sì ṣọ́ra. Lọ́nà, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ sókè. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wíńdò náà ni ọkùnrin yẹn fẹ́ lóòótọ́. Kò gba ara rẹ̀ gbọ́.

Nílé náà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lù lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbì, gbì, gbì, tí èèyàn ò fi lè gbọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn irin ìsàlẹ̀, ó ní òun ni, wẹ́dà ni. Obìnrin náà sọ̀kalẹ̀ wá. Kò ṣílẹ̀kùn. Àárín irin ni wọ́n ti sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ dúró lókè àtẹ̀gùn, ó mú bàtà kan dání. Wẹ́dà kó gbogbo ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Ó fi fọ́tò náà hàn án.

Obìnrin náà wò ó, ó fara ti ògiri.

"Màmá mi nìkan ni mo fi fọ́tò yìí ránṣẹ́ sí," ó ní. "Ó ní òun ti gbàgbé ojú ọmọ ọmọ òun. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọkùnrin tí a sá fún ti rí i nìyẹn."

Ó wá béèrè ìgbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ náà. Wẹ́dà ní àná ni. Ó béèrè bóyá wọ́n mẹ́nu ba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Wẹ́dà ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò bú u, kò ṣépè. Ìbá sàn fún wẹ́dà ká ní ó ṣépè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ìdáríjì, obìnrin náà gbọ́wọ́ sókè, ó ní kò sáyè ìyẹn. Ó ní kó dúró níbẹ̀, kó máa wo títì fún òun, òun fẹ́ kó aṣọ ọmọ. Tó bá rí ọkùnrin kan tó ń bọ̀, kó gbá irin náà gidi, òun á gba ẹ̀yìn jáde, ibẹ̀ nìkan ló kù.

Wẹ́dà kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó dúró gbagidi. Òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀. Ó ń wo títì, ó ń gbàdúrà pé kí èèyàn kankan má kọjá.

Ọkùnrin kan wọlé láti géètì bí ẹni tó wá kí èèyàn. Aṣọ rẹ̀ mọ́, bàtà rẹ̀ ń dán. Wẹ́dà gbá irin náà lẹ́ẹ̀kan, ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré lókè. Ọkùnrin náà ò bínú. Ó tẹríba, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ni Irin-Kì-í-Parọ́. Mo dá ojú yín mọ̀."

Wẹ́dà ní kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Ọkùnrin náà ní kò burú. Kò tì í, kò gbìyànjú àtikọjá. Ó dúró, ó ń wo irin, ó ń fi ìka tọ òdòdó ara ilẹ̀kùn lọ bó ṣe ká, ó sì ń béèrè irú irin tí wọ́n fi ṣe é. Ọgbọ́n kan wá sọ sí wẹ́dà lọ́kàn. Tí òun bá lè fi ọ̀rọ̀ dá a dúró síbí, obìnrin náà á ti bọ́ sí títì ẹ̀yìn. Bó ṣe ṣí ẹnu nìyẹn. Ó sọ̀rọ̀ irin, ó sọ̀rọ̀ ọ̀dà, ó sọ bí òjò ṣe ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Kò sọ̀rọ̀ rí láyé rẹ̀ bíi ti ọjọ́ náà. Ọkùnrin náà ń mi orí, ó ń ní "bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n," ó ní kó tún èyí tó sọ nípa ọ̀dà yẹn sọ. Wẹ́dà tún un sọ. Ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pé ó ń bọ́ sí i.

Pákó já lẹ́yìn ilé, ó dún ju ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ. Ohùn ọkùnrin méjì ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ọmọ náà figbe ta, ó ń pe ìyá rẹ̀.

Ó wá yé wẹ́dà ìdí tí ẹni iwájú rẹ̀ ò fi kánjú. Ó yí padà, ó fọwọ́ méjèèjì di irin náà mú, ó fà á, ó fi èjìká lù ú, ó tún fà á. Ó ki ọwọ́ sáàárín irin láti wá ìdè, páànù dí i. Ọmọ náà ṣì ń ké.

"Ẹ má fi ṣe ara yín léṣe, ẹ̀gbọ́n," ni ọkùnrin náà wí lẹ́yìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ tutù bíi ti àná. "Mo ti sọ fún àwọn àbúrò mi pé ẹ ní ti iwájú ò ṣeé ṣí."