Lẹ́tà Tí Kóńdíbà Gbé Dé Etí Odò

Ọdún tí iṣẹ́ abúlé kan ilé Kóńdíbà ni Tání, ọmọbìnrin rẹ̀, pé ọmọ ọdún méjìlá. Láàrin àwa Máhà, tí àwọn ará abúlé yòókù kà sí aláìmọ́ tí wọn kì í fọwọ́ kàn, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ọdún tirẹ̀. Ẹni tó bá kàn ni yóò gbé ọ̀pá aláago, òun ni yóò máa jẹ́ iṣẹ́ kiri, tí yóò sì gbé òkú màlúù kúrò lọ́nà. Bí ènìyàn ńlá bá kú, òun ni yóò sáré lọ túfọ̀ fún àwọn ẹbí ní abúlé mìíràn, aya àti ọmọ rẹ̀ yóò sì la igi tí wọn yóò fi sun òkú.

Ọdún mẹ́rin ni Tání fi kàwé níta. Ìjọba òyìnbó ti pàṣẹ pé kí ilé-ìwé gba gbogbo ọmọ. Tíṣà gbà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí erùpẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé ló fi í sí. Bí Tání bá kọ síléètì rẹ̀ tán, yóò gbé e sílẹ̀, yóò sì sún sẹ́yìn. Tíṣà yóò wá fi ọ̀pá tọ́ka sí àṣìṣe rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Láti bí oṣù mẹ́ta, ọ̀pá náà kò rí ohun tí yóò tọ́ka sí mọ́.

Ẹgbẹ́ kan ní ìlú Púnè ti kọ́ ilé tí àwọn ọmọ irú tiwa lè máa gbé kí wọ́n lè kàwé síwájú. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí ìnsípẹ́kítọ̀ fọwọ́ sí i pé ọmọ náà yege kíláàsì kẹrin. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ìnsípẹ́kítọ̀ ń wá. Àwọn àna Tání, tí wọ́n ti fẹ́ ẹ sílẹ̀ fún ọmọ wọn láti kékeré, sì ti sọ pé bí kò bá lọ Púnè lọ́dún yìí, àwọn yóò wá mú ìyàwó àwọn.

Àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò gan-an ni ìyá tó bí Pátíìlì, olórí abúlé wa, kú.

Rákúmà, ìyàwó Kóńdíbà, pòṣé. “Ìyá àgbà yìí! Ọgọ́rin ọdún ló fi wà láyé, òní ló wá rántí kú.”

“Rọra o, wọ́n á gbọ́,” ni Kóńdíbà wí.

Nígbà tí Kóńdíbà dé ilé-ìwé, Tíṣà ti dúró lókè àtẹ̀gùn. Ó ju lẹ́tà kan sílẹ̀. “Kóńdíbà, sáré lọ pàdé ìnsípẹ́kítọ̀ létí odò. Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wá, ilé-ìwé ò ṣí.”

“Jóhárì,” Kóńdíbà kí i bí Máhà ṣe ń kí àwọn ọ̀gá, “ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá wa. Ìdánwò ọmọ mi ńkọ́?”

“Ọmọ rẹ? Ṣé èmi ni kí n wá bá yín la igi ni?”

Lẹ́tà náà kò ní èdìdì. Kò sẹ́ni tó rò pé Máhà lè kà á. Kóńdíbà gba ẹ̀yìn ilé, ó nà án sí Tání.

Tání kà á. Tíṣà ní ọmọ mẹ́rin ló wà ní kíláàsì kẹrin: Vínáyàkì, Sádáṣífù, Múkúndì àti Rágúnátì. Ó ní òun jẹ́rìí wọn, kí ìnsípẹ́kítọ̀ jọ̀wọ́ fọwọ́ sí i pé wọ́n yege.

“Ó kù?”

“Ó tán, Bàbá.”

“Tún un kà. Bóyá o fo ibì kan.”

Ó tún un kà. Àwọn mẹ́rin náà ni.

Rákúmà fìbínú ju àáké sílẹ̀. “Kọ orúkọ rẹ sí i!”

“Ẹfun síléètì ni mo ní, Ìyá. Yíǹkì ni wọ́n fi kọ èyí. Wọn ò fún mi ní yíǹkì rí.”

Kóńdíbà gbé ọ̀pá rẹ̀, ó sì lọ. Létí odò, ó gbé lẹ́tà lé orí òkúta, ó sún sẹ́yìn. Ìnsípẹ́kítọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, ó mú un, ó jókòó kà á, ó sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí àwọn mẹ́rin náà lórí itan rẹ̀.

“Olúwa mi, ọmọ kan ṣẹ́kù. Tání, ọmọ mi. Orúkọ rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀.”

Ìnsípẹ́kítọ̀ gbójú sókè. “Báwo lo ṣe mọ̀? Lẹ́tà ìjọba ni èyí. Ta ló tú u kà fún ọ?”

Ìdáhùn náà wà lẹ́nu Kóńdíbà. Ìyẹn nìkan náà ni ẹ̀rí tó ní pé ọmọ náà mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ó rí ẹṣin, ó rí ẹgba tó so mọ́ gàárì, ó sì rántí ohun tí ojú Máhà tó kọ́kọ́ bu omi nínú kànga Pátíìlì rí.

“Kò sẹ́nì kankan, Olúwa mi. Kò sẹ́ni tó mọ̀wé nílé wa.”

Ìnsípẹ́kítọ̀ gun ẹṣin rẹ̀, ó sì yí i padà. Kóńdíbà ṣì ní abúlé méjì tí yóò ti túfọ̀, ó sì sáré lọ.

Nígbà tó dé, oòrùn ti ń rọlẹ̀. Ìdì igi ti ga ju Tání lọ.

“Bàbá, ṣé ẹ sọ fún un pé mo lè kàwé?”

Kóńdíbà gba àáké lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í la igi tí ọmọ náà ti là tán.