Orin Ìdí Máṣíìnì

Àbúrò màmá mi ni Àǹtí Jẹ́jẹ́. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n nìyẹn. Àdúgbò ló fún wọn, torí bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, àfi kí èèyàn sún mọ́ wọn kó sì na etí. Aránṣọ ni wọ́n. Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù wọn, ilẹ̀kùn rẹ̀ àti fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. Máṣíìnì méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń lo iná, èkejì jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, èyí tí pẹ́dà rẹ̀ jẹ́ irin pẹrẹsẹ tí a ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ yìí ni Àǹtí fẹ́ràn jù. Wọ́n ní oníná yẹn máa ń kánjú bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Bí mo bá ti ilé ìwé dé, èmi ni mo máa ń rán bọ́tìnnì, tí mo sì máa ń gé òwú tó ṣẹ́kù lára aṣọ. Àga mi wà lápá ọ̀tún máṣíìnì. Ibẹ̀ ni mo ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

Láàrin àwọn aṣọ tí a fi kọ́, àpò dúdú gígùn kan wà tí àwọn oníbàárà máa ń rò pé aṣọ ìyàwó ló wà nínú rẹ̀. Gìtá ni. Ọkùnrin kan ló gbé e wá kí a tó bí mi, ó ní kí Àǹtí bá òun rán àpò sí i. Àǹtí wọn gìtá náà bí ìgbà tí wọ́n ń wọn èèyàn: àyà, ìbàdí, ọrùn. Àpò náà bá a mu rẹ́gí, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ò padà wá. Lẹ́yìn ọdún kan ó ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn pé òun ò ní wá mọ́, kí Àǹtí máa lò ó. "Bí mo ṣe rán àpò fún gìtá ara mi láìmọ̀ nìyẹn," Àǹtí a máa wí bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín sínú.

Wọ́n fi ọdún méjì kọ́ ọ fúnra wọn. Ìka tó ti mọ abẹ́rẹ́, kò pẹ́ kó tó mọ okùn mẹ́fà. Orin nìkan ni kò bá a rìn. Bí wọ́n bá gbé gìtá lé ẹsẹ̀, ọwọ́ á máa sọ̀rọ̀, ẹnu á pa dé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e kọ́, tí wọ́n jókòó sídìí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀, tí pẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò, orin á bẹ̀rẹ̀. Bí oníbàárà bá wọlé, ẹsẹ̀ á dúró, orin náà á dúró.

Ohun tí Àǹtí rò ni pé ariwo máṣíìnì ń gbé ohùn wọn mì. Aránṣọ nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe yẹn. Ẹni tó jókòó sídìí máṣíìnì, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ni ariwo náà wà. Á rò pé bí òun ṣe ń gbọ́ ọ ni gbogbo ayé ń gbọ́ ọ. Lọ́dọ̀ ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, máṣíìnì náà ò ju bí ìgbà tí adìẹ ń ṣá àgbàdo lọ. Ohùn ló máa ń gbọ́. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ti mọ̀. N kò sọ fún wọn, torí mo rò pé ọjọ́ tí mo bá sọ ọ́ ni orin máa tán.

Ìtìjú náà ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Àǹtí wà lọ́mọ ọdún méjìlá, wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọmọdé. Bàbá Oníkóòtù, aránṣọ tó máa ń rán kóòtù àwọn ọkùnrin, ló ń kọ́ wọn lórin. Lọ́jọ́ kan Bàbá dá gbogbo wọn dúró, ó sì nàka sí Àǹtí. "Ìwọ yìí, máa la ẹnu ẹ, ṣùgbọ́n má gbé ohùn síta mọ́. Ohùn ẹ ń ké bí ilẹ̀kùn tí ò rí epo." Àwọn ọmọ yòókù rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó di ọjọ́ tí wọ́n kọrin níwájú àwọn òbí, Àǹtí ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé, bí ẹja inú omi. Bó ṣe parí, màmá mi sáré wá dì mọ́ wọn. "Mo gbọ́ ohùn tìẹ láàrin gbogbo wọn!"

Àǹtí sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí wọ́n ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́: "Ẹni tó bú mi, ó gbọ́ ohùn mi. Ẹni tó yìn mí, kò gbọ́ nǹkan kan."

Láti ìgbà náà, ìdí máṣíìnì nìkan ni wọ́n ti ń kọrin. Èyí tí wọ́n sì kọ jù ni èyí tí wọ́n ṣe fúnra wọn:

Abẹ́rẹ́ wọlé, abẹ́rẹ́ jáde,
Òwú ń tẹ̀ lé e, kò bi í léèrè.
Ohun tó ya la fi ń mọ aránṣọ,
Gbé e wá, gbé yíya ẹ wá, mo wà nílé.

Lọ́dún tó kọjá, ó ku oṣù kan kí ẹgbẹ́ aránṣọ ṣí gbọ̀ngàn tuntun wọn nígbà tí Bàbá Oníkóòtù wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Wọ́n ti di alága ẹgbẹ́. Ọmọ wọn obìnrin tẹ̀ lé wọn, ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn débi pé Fèrè ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ẹsẹ̀ Àǹtí dúró lórí pẹ́dà.

"Má dúró o," ni Bàbá Oníkóòtù wí. "Orin yẹn gan-an ló gbé wa wá."

"Orin wo, sà?"

"Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ẹ yẹn. Fèrè kọ́ ọ níta níbí lọ́jọ́ tó mú búláòsì ẹ̀ wá. Ó kọ ọ́ nípàdé, gbogbo ilé dìde. A ti fẹnu kò, òun ló máa di orin ẹgbẹ́. Fèrè á kọ ọ́, ìwọ á ta gìtá sí i. Kálukú pẹ̀lú ẹ̀bùn tiẹ̀."

Àǹtí ò tiẹ̀ gbọ́ ti ẹ̀bùn. "Ẹ gbọ́ ọ níta?"

"Ta ni ò gbọ́ ọ? Oníbúrẹ́dì òdìkejì yẹn mọ̀ ọ́n dé ìparí."

Àǹtí yíjú sí mi. "Ìwọ náà ń gbọ́ ọ?"

Mo wo bọ́tìnnì tó wà lọ́wọ́ mi. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"A kàn tún ibì kan ṣe ni," Bàbá Oníkóòtù ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "'Ohun tó ya' yẹn, kò dáa lẹ́nu. Ta ní í sọ yíya níwájú àlejò? A ti sọ ọ́ di 'Aṣọ tó dára la fi ń mọ aránṣọ.'"

"Aṣọ tó dára ò wá aránṣọ, sà."

"O ní kí ni?"

"Kò sí, sà."

Bàbá Oníkóòtù rẹ́rìn-ín. "Ṣó o rí i, ká ní ìwọ lo máa kọ ọ́ ni, bó o bá ṣe fẹ́ ẹ la máa gbà á. Ẹnu olórin ni orin wà. Ṣùgbọ́n èmi pẹ̀lú ẹ mọ bóhùn ẹ ṣe rí." Wọ́n fọwọ́ kan etí wọn, wọ́n jáde. Fèrè wẹ̀yìn wo Àǹtí kó tó tẹ̀ lé wọn.

Ọjọ́ mẹ́rin ni máṣíìnì fi ń lọ láìsí orin. Ní ọjọ́ kejì, aránbàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yọjú. "Àǹtí, ṣé ara máṣíìnì yín ò yá ni? A ò gbọ́ orin ẹ̀ mọ́." Ní ọjọ́ kẹta, oníbúrẹ́dì kígbe láti òdìkejì títì: "Ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́ o! Búrẹ́dì mi gan-an ti ń fajú ro!" Àǹtí ń tẹ pẹ́dà lọ.

Ní ọjọ́ kẹrin màmá mi dé. Ohùn màmá mi máa ń wọlé ṣáájú wọn.

"Ṣé òótọ́ ni? Oníkóòtù fẹ́ gba orin lẹ́nu ẹ bí ẹni ń gba ṣúgà lọ́wọ́ ìkókó, o wá jókòó síbí ò ń rán etí aṣọ?"

"Kò sí lẹ́nu mi, ẹ̀gbọ́n mi. Ìdí máṣíìnì ló wà."

"Irọ́ lo ń pa. O ń kọrin láti kékeré. Èmi fúnra mi gbọ́ ọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọrin fún àwọn òbí."

Àǹtí gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà. "Ọjọ́ yẹn, n ò kọrin. Mo kàn ń la ẹnu ni. Wọ́n ní kí n má gbé ohùn síta."

Màmá mi jókòó lórí ìdìpọ̀ aṣọ tó sún mọ́ wọn. "Ọdún mẹ́tàlélógún," ni wọ́n wí. "Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń fi ohùn tí n ò gbọ́ yangàn kiri."

Bóyá ìyẹn ni, bóyá oníbúrẹ́dì sì ni, èmi ò mọ̀. Àǹtí dìde, wọ́n ṣí àpò dúdú náà, wọ́n yọ gìtá. "Gbogbo títì ló ti gbọ́ mi tipẹ́. Kí ni mo tún ń fi pa mọ́? Èmi ni mo ni yíya tó wà nínú orin yẹn. Ẹnikẹ́ni ò ní bá mi lẹ̀ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ rọrùn, ṣíṣe ló le. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, bí wọ́n bá ti fọwọ́ kan okùn, ohùn á sá. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnu ń mì, nǹkan kan ò jáde. Mo ń wò wọ́n láti orí àga mi, mo sì rí ohun kan nílẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ń gbéra, ó ń balẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan kiri nínú òkùnkùn.

"Àǹtí," mo wí, "ẹsẹ̀ yín ń wá pẹ́dà."

Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n wò mí. Wọ́n dìde, wọ́n yọ bẹ́líìtì máṣíìnì kúrò kí abẹ́rẹ́ má bàa máa lọ, wọ́n jókòó sídìí rẹ̀ pẹ̀lú gìtá láyà, wọ́n tẹ pẹ́dà. Orin jáde. Wọ́n kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn ò sì ti ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ ìṣílé, èmi àti màmá mi la ti máṣíìnì náà lórí ọmọlanke dé gbọ̀ngàn. Àǹtí ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú gìtá. Gbogbo aránṣọ ìlú ló pé síbẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin. Nígbà tí a gbé máṣíìnì gun orí pèpéle, ẹ̀rín sọ.

"Kí lèyí?" Bàbá Oníkóòtù béèrè. "Ta ló fẹ́ rán aṣọ níbí?"

"Èmi ni mo fẹ́ kọrin, sà," Àǹtí wí. "Ibi tí mo ti ń kọ ọ́ ni mo gbé wá."

"A ti yan ẹni tó máa kọ ọ́! Máìkì ti wà lọ́wọ́ ẹ̀!"

"Ẹ ní ẹnu olórin ni orin wà, sà. Ẹnu náà rèé. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlá, ẹ ní kí n má gbé ohùn síta, mo sì gbọ́ tiyín. Mo ti gbé e mọ́ra fún ọdún mẹ́tàlélógún. Mo fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ lónìí."

Kò sí jẹ́jẹ́ kankan nínú rẹ̀. Fèrè dìde, ó gbé máìkì wá síwájú Àǹtí, ó rọ̀ ọ́ wálẹ̀ títí ó fi bá wọn lẹ́nu. "Bàbá, ẹ má bínú," ó wí. "Èmi kàn jí i kọ́ lójú fèrèsé ni."

Àǹtí tẹ pẹ́dà. Gìtá bẹ̀rẹ̀. N kò ní parọ́: ohùn wọn ò di oyin. Ìlà àkọ́kọ́ sán, ẹnì kan sì rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ò dúró, nígbà tí wọ́n sì dé "Ohun tó ya la fi ń mọ aránṣọ," wọn ò sá fún un. Wọ́n là á mọ́lẹ̀ bí ẹni ń fi sísọ́ọ̀sì ńlá la aṣọ, wọ́n wo ojú Bàbá Oníkóòtù, wọ́n tún un kọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ nílẹ̀. Gbọ̀ngàn kún fún aránṣọ, ta ni nínú wọn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò mọ pẹ́dà? Bàtà kan bẹ̀rẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e, títí gbogbo ilẹ̀ fi ń dún bí ìgbà tí ọgọ́rùn-ún máṣíìnì ń lọ pọ̀. Mo wo abẹ́ tábìlì alága. Bàbá Oníkóòtù káwọ́ mọ́ àyà, wọ́n fajú ro, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ń lọ sókè sódò.

Nígbà tí orin parí, Bàbá Oníkóòtù wá bá Àǹtí. "Ohùn ẹ ṣì ń ké bí ilẹ̀kùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ máa gbọ́ ọ dáadáa."

Màmá mi ò dì mọ́ wọn bí ti àtijọ́. Wọ́n dúró, wọ́n ń fi ìborí nu ojú. "Èyí," ni wọ́n wí, "èyí ni mo gbọ́."

Ní ọjọ́ kejì, àpò dúdú ti ṣófo lára ìkọ́ rẹ̀, gìtá dúró ti ògiri níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i. Mo ń rán bọ́tìnnì nígbà tí oníbàárà kan wọlé pẹ̀lú sòkòtò tó ti ya lórúnkún. Àǹtí ń tẹ pẹ́dà, orin ń lọ. Mo ń retí kí ẹsẹ̀ wọn dúró.

Kò dúró. Wọ́n fi àgbọ̀n júwe àga fún un. "Ẹ jókòó," ni wọ́n wí láàrin ìlà méjì. "N ò tíì parí."